Thermocouple: orí wà nínú iná, ìdí wà níta

Ẹni tó ti ń sun ìkòkò tipẹ́ lè yọjú wo inú ìléru kó sì fi àwọ̀ iná mọ ibi tó dé. Bó bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti tó 600°C tàbí 700. Bó bá mọ́lẹ̀ bí awọ ọsàn tó pọ́n, ó ti ń sún mọ́ 1000°C. Ṣùgbọ́n ojú a máa tanni, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Bí amọ̀ tó yẹ kó jiná ní 1000°C bá ré kọjá jìnnà, ó lè wọ́, ó sì lè yọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ki thermocouple bọ inú ìléru.

Orúkọ náà ló le, nǹkan náà kò le. Wáyà méjì ni, irin wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, a wá jó wọn pọ̀ lórí. Orí yìí ló ń wọ inú iná. Ìdí àwọn wáyà náà wà níta. Bí orí bá ti gbóná ju ìdí lọ, iná mànàmáná tó kéré gan-an á yọ láàárín wáyà méjèèjì. Thomas Seebeck, ọmọ Jámánì, ló kíyè sí i ní 1821. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó ń yí ló rí, ló bá gbà pé ooru ló di òòfà. Àwọn ẹlòmíràn ló padà là á yé ayé pé iná mànàmáná ni.

Irú tó wọ́pọ̀ jù nídìí ìkòkò ni type K. Níkẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú wáyà rẹ̀ méjèèjì: kurómíọ̀mù ni a pò mọ́ ọ̀kan, alumíníọ̀mù wà nínú èkejì. Ní 1000°C, iná tó ń mú jáde jẹ́ nǹkan bíi 41 mílífọ́ọ̀tì (mV), kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n iná bátìrì rìmóòtù. Nítorí náà, so ìdí wáyà méjèèjì mọ́ multimeter, ìyẹn mítà tí a fi ń wọn iná mànàmáná, kí o sì yí i sí ojú mílífọ́ọ̀tì DC, ìyẹn irú iná tí bátìrì ń mú jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí o: kì í ṣe bí ìléru ṣe gbóná tó ni mítà ń kà. Bí orí ṣe gbóná ju ìdí lọ ló ń kà. Fojú inú wo ọmọ tó dúró sórí tábìlì. Tó o bá wọ̀n ọ́n láti ojú tábìlì, o kò tíì mọ bí orí rẹ̀ ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó. Ó di ìgbà tó o bá fi gíga tábìlì kún un. Ilẹ̀ tiwa ni 0°C, nítorí ibẹ̀ ni àtẹ type K, ìyẹn ìwé tó ń sọ iye mílífọ́ọ̀tì tó bá ooru kọ̀ọ̀kan mu, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ká ní mítà fi 40.1 mV hàn, tí ìdí wáyà sì wà níbi tó jẹ́ 30°C. Lórí àtẹ, 30°C jẹ́ 1.2 mV. Ro ó pọ̀, ó di 41.3 mV, ìyẹn 1000°C. Bó o bá gbàgbé 1.2 yẹn, wàá pè é ní 970°C, wàá sì tún máa koná. Mílífọ́ọ̀tì ni kí o fi kún mílífọ́ọ̀tì o. Lórí type K, bó o bá fi 30°C kún 970 lẹ́yìn, ó ṣì máa bọ́ sí i. Lórí type S, tí í ṣe ti pilátínọ̀mù, ìdajì rẹ̀ péré ló yẹ kó wọlé nígbà tí iná bá wà ní 1000°C.

Níbo wá ni ìdí gan-an wà? Ibi tí wáyà thermocouple ti pàdé bàbà ni. Bó o bá so wáyà bàbà lásán mọ́ ọn lára ògiri ìléru, tí ibẹ̀ sì gbóná dé 90°C, ìdí rẹ ti di 90°C, kì í ṣe 30 mọ́. Wáyà tí wọ́n ṣe fún type K ni kí o fi fà á gùn. Ní Amẹ́ríkà, pupa ni odì lára wáyà yìí, ó yàtọ̀ sí ti bátìrì. Bí ooru bá ń lọ sókè tí mítà ń fi àmì àyọkúrò hàn, o ti so ó lódì.

Àwọn multimeter kan ní ojú °C. Wọ́n ń ro ti ìdí mọ́ ọn fúnra wọn, má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá wọn wá nínú páálí kì í ṣe ti ìléru. Ohun tí wọ́n fi bò ó á jóná tipẹ́ kí amọ̀ tó jiná. Bí ìléru bá ń lo iná mànàmáná, pa á kí o tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́.

Kí o tó gbé e sí ìléru, ki orí rẹ̀ bọ omi tó ń hó. Ní yàrá 30°C, 2.9 mV ló yẹ kó hàn: 4.1 ti omi híhó, yọ 1.2 ti ìdí kúrò.