Ṣááfù Tó Ní Àléébù: Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Pe Kẹ̀kẹ́ Márúwá Padà

Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gbé èrò mẹ́ta sẹ́yìn, ó kọrí sí Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo, àmọ́ kẹ̀kẹ́ kò kúrò lójú kan. Awakọ̀ tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà kì í wádìí lọ títí: ṣááfù, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, ti já. Yóò sọ èrò kalẹ̀, yóò fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, yóò ké sí mẹkáníìkì, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́ wọn á ti pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ tán sí, nítorí irin a máa gbó, kòtò ojú ọ̀nà a sì máa mú kó tètè gbó. Ṣùgbọ́n bí irú ṣááfù kan náà bá ń já ní ojú kan náà, lára kẹ̀kẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ní Òṣogbo, ní Kánò àti ní ìlú òkèèrè, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti gbígbó. Àléébù ti wà lára ṣááfù yẹn kó tó jáde nílé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ètò tí ilé-iṣẹ́ fi ń wá gbogbo ọkọ̀ tó ní irú àléébù bẹ́ẹ̀ kiri, tó sì fi ń tún un ṣe láì gba kọ́bọ̀, ni a ó máa pè ní ìpèpadà nínú àlàyé yìí.

Lára kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ jù ní Òṣogbo, abẹ́ ìjókòó èrò ni ẹ́ńjìnnì wà. Agbára rẹ̀ ń gba inú kílọ́ọ̀ṣì àti gíà kọjá sínú ẹ̀rọ kan tó ń pín in sọ́tùn-ún àti sósì, láti ibẹ̀ ni ṣááfù kúkúrú méjì sì ti ń gbé e lọ sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Táyà iwájú kò lọ́wọ́ sí i rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó yí síbi tí awakọ̀ bá darí rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ tó ń pín agbára yìí ló fà á tí ṣááfù kan ṣoṣo tó já fi lè dá kẹ̀kẹ́ dúró pátápátá: agbára a máa gba ibi tó bá rọrùn fún un jù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tó já ni yóò máa yí lófo, táyà kejì kò sì ní rí agbára kankan lò. Búrékì ṣì lè ṣiṣẹ́, nítorí ara táyà ló wà, àmọ́ awakọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè, tó gbẹ́kẹ̀ lé gíà láti dín eré rẹ̀ kù, yóò kàn rí i pé gíà náà kò di nǹkan kan mú mọ́ ni. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kan wà tó jẹ́ pé ṣááfù gígùn tàbí ṣéènì ló ń gbé agbára wọn lọ sẹ́yìn. Ní òkè òkun ẹ̀wẹ̀, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi Can-Am Spyder, tí ilé-iṣẹ́ BRP ti Kánádà ń ṣe, ní táyà méjì níwájú àti ẹyọ kan lẹ́yìn, bẹ́líìtì ló sì ń yí ẹyọ yẹn. Ìrísí wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ìpèpadà wọn ń gbà.

Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé irin tí iná kò mú tó lè dán ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó má sì lè dúró nídìí iṣẹ́. Òṣogbo, tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Steel Rolling Mill àti ilé-iṣẹ́ Machine Tools sí, kì í ṣe àlejò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, ó lè jẹ́ pé iná ìléru lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń kó irin wá fún wọn kó irú mìíràn wá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń di nọ́ọ̀tì kò dì í le tó. Ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà tó bo oríkèé ṣááfù ló tètè ń ya, tí gíríìsì ń jò jáde, tí iyanrìn sì ń rọ́nà wọlé. Ohunkóhun tó wù kó jẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà, ọjọ́ tó sì dáwọ́ dúró wà. Ìdí nìyí tí ìpèpadà kì í fi í sábà kan gbogbo kẹ̀kẹ́ tó jọra, tó fi jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́sẹ̀ kan náà lè wà lápá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tí ilé-iṣẹ́ fa ìlà sí.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tó fi ń mú ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó bá ti mọ̀ pé àléébù tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá wà lára ọkọ̀ òun ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti fi tó NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, létí, ó sì ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn náà láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ọkọ̀ náà. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ ibẹ̀ kan ọkọ̀ tí kò tíì ju ọdún 15 lọ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ní Íńdíà, níbi tí púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wa ti ń wá, ọdún 2021 ni ìlànà tí ìjọba lè fi pàṣẹ ìpèpadà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fi dandan lé e pé ẹni tó ṣe ọjà, ẹni tó kó o wọ̀lú àti ẹni tó ń pín in kiri gbọ́dọ̀ kéde fún aráàlú bí wọ́n bá rí ewu lára rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dé ọjà, kí wọ́n sì kó o kúrò lórí àtẹ. Ó yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ fi ojú sí àwọn mẹ́ta tí òfin dárúkọ yìí, nítorí ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ lè wà ní òkè òkun, àmọ́ ẹni tó kó o wọ̀lú wà nítòsí.

Àwọn kan ń pè é ní Márúwá, láti ara orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1996 sí 1999. Àwọn mìíràn ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ìpèpadà kò mọ èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì. Nọ́ńbà ṣásí ló mọ̀. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni nọ́ńbà yìí máa ń jẹ́, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ojú má baà pè wọ́n ní 1 tàbí 0. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, àwọn tó wà nípẹ̀kun sì ń sọ ipò rẹ̀ nínú iye tí wọ́n ṣe. Ara irin kẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ tó mọ nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí, tí kò sì tíì fojú kan nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti rà á, pọ̀ ní Ọláìyá ní Òṣogbo. Bí kíkùn tuntun bá ti bo nọ́ńbà náà, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò sí bí ṣọ́ọ̀bù ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ yẹn wà nínú àwọn tí wọ́n ń wá.

Ibi tí ìpèpadà ti ń já jù ní ìlú bí Òṣogbo kì í ṣe ara ṣááfù, bí kò ṣe láàárín ọwọ́ kan sí òmíràn. Ilé-iṣẹ́ mọ ẹni tó kó kẹ̀kẹ́ wọ̀lú. Ẹni yẹn mọ àwọn oníṣòwò tó tà á fún. Oníṣòwò mọ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Òṣogbo. Lẹ́yìn ibẹ̀, òkùnkùn. Olùkọ́ kan lè fi owó àjẹmọ́nú ra kẹ̀kẹ́, kó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sórí ìwé, kó gbé e fún awakọ̀ ní háyà pọ́ọ̀ṣéèsì, kí awakọ̀ náà sì máa gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí wọ́n bá wá fi ìpè ránṣẹ́, fóònù tó wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò pè, síìmù yẹn sì lè ti sọnù láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó gbọ́ kọ́ ló ni kẹ̀kẹ́, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kọ́ ló ń wà á, ẹni tó ń wà á ni ewu sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ń dé ní títú palẹ̀ nínú àpótí, tí wọ́n sì ń tò ó pọ̀ níhìn-ín. Bó bá jẹ́ pé níbi títò yẹn ni wọn kò ti di bóòtì ṣááfù le dáadáa, àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ lókè òkun kò lè fi í hàn. Ẹni tó tò ó nìkan ló lè mọ àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìpè dé ọ̀dọ̀ òun yóò padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á láti yí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù padà nígbàkígbà tí kẹ̀kẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ náà lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ wo ní gáréèjì wo, àní nígbà tí ìwé ìjọba kò mọ̀ ọ́n.

Bí ìpè bá ti dé, ìwé ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò béèrè. Wọn yóò fi nọ́ńbà ṣásí wé àkọsílẹ̀. Bó bá bá a mu, wọn yóò yọ ṣááfù, wọn yóò wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, wọn yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ògbólógbòó náà wà. Bí awakọ̀ bá gbé e lọ tà fún oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù, kò pẹ́ tí wọn yóò fi fọ̀ ọ́, tí wọn yóò kùn ún, tí wọn yóò sì tà á fún ẹlòmíràn ní ojúlówó. Ìpè tún lè dé kí ṣááfù tuntun tó dé. Nígbà náà, ohun tí ilé-iṣẹ́ bá kọ sínú ìwé ni kí èèyàn tẹ̀ lé: àwọn kan yóò ní kí wọ́n má gbé ẹrù wúwo, àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n páàkì kẹ̀kẹ́ náà pátápátá.

Páàkì yìí gan-an ni oníkẹ̀kẹ́ ń sá fún. Àtúnṣe jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ìpèpadà kò san owó délífà, ìyẹn owó tí awakọ̀ ń kó fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́, fún ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ ní háyà pọ́ọ̀ṣéèsì lè fi ojú ara rẹ̀ rí lẹ́tà, kó sì kó o sápò, nítorí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kò ní gbà pé ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìsí owó. Ìwà yẹn léwu, ṣùgbọ́n ó yéni. Ohun tó lè dín in kù ni kí àwọn méjèèjì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá lò nílé àtúnṣe ìpèpadà kì í ṣe ọjọ́ délífà.

Ọ̀rọ̀ a máa le díẹ̀ bí ṣááfù bá ti já kí ìpè tó dé, tí mẹkáníìkì sì ti fi èyí tó rà lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti san irú owó bẹ́ẹ̀ ṣáájú lè fi rìsíìtì gbà á padà. Níhìn-ín, rìsíìtì ni ìṣòro: púpọ̀ nínú mẹkáníìkì wa kì í kọ ọ́, oníkẹ̀kẹ́ kì í sì í béèrè. Ẹni tó ní ìwé tó sọ ọjọ́ tí ṣááfù já, iye tó ná àti nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ náà ní ohun tó lè gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá kọ̀, yóò kọ lẹ́tà sí wọn, yóò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà kan náà ti ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ní àjọ FCCPC, tí kì í gba owó kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Kẹ̀kẹ́ ni ìpèpadà so mọ́, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ẹni tó ra àlòkù lónìí ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe tí ẹni tó tà á fún un kò ṣe, bí ìpè náà bá ṣì wà nílẹ̀. Ó lè béèrè ìwé àtúnṣe náà kó tó sanwó. Bí kò bá sí, kó da nọ́ńbà ṣásí kọ láti ara irin, kì í ṣe láti ara ìwé, kó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò.