Bí lẹ́tà ẹlòmíràn ṣe ń dé ilé wa, àti bí a ṣe ń dá a padà kó má tún wá mọ́

Lẹ́tà kì í wá ènìyàn, àdírẹ́sì ló ń wá. Nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà àti kóòdù àdúgbò ni ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ń mọ ibi tí yóò gbé ìwé lọ. Bí ayálégbé kan bá kó jáde tí òmíràn kó wọlé, nọ́ńbà ilé kò yí padà, lẹ́tà ti àkọ́kọ́ á sì máa wá. Ìgbà tí orúkọ ń já mọ́ nǹkan fún wọn ni bí ẹni tó kó lọ bá ti fi àdírẹ́sì rẹ̀ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé kí wọ́n máa darí ìwé òun tẹ̀lé òun.

Ìdarí yẹn náà kì í ṣe títí láé. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 12 ni wọ́n fi ń darí lẹ́tà gidi, irú tí wọ́n ń pè ní First-Class. Ìwé ìròyìn ọjọ́ 60 péré ni tirẹ̀. Láti oṣù 13 sí oṣù 18, wọ́n á dá lẹ́tà padà sọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun lára rẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń kó lọ ló máa sanwó fún oṣù 3, 6 tàbí 12, tó bá sì wù ú, á tún un san. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè gbé ilé kan fún ọdún kan gbáko láìrí ìwé àjèjì kankan, kó wá di ọjọ́ kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Àkókò ìdarí ló pé.

Kí ẹ tó mú kálámù, ẹ kọ́kọ́ ka ìlà àdírẹ́sì, kì í ṣe orúkọ nìkan. Bí nọ́ńbà ilé tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọwọ́ akólẹ́tà ló ṣì. Ẹ mú un lọ fún aládùúgbò yín, tàbí kí ẹ fà á lé akólẹ́tà lọ́wọ́ nígbà tó bá tún dé. Ẹ má fa ìlà kankan sára rẹ̀ o. Lẹ́tà tí àdírẹ́sì rẹ̀ pé, tí ẹnì kan kàn kọ ọ̀rọ̀ sí lára, lè gba ibẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, kí aládùúgbò tó ń retí rẹ̀ má sì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì bá jẹ́ tiyín tí orúkọ kì í ṣe tiyín, iṣẹ́ yín ni láti dá a padà.

Ṣé èèyàn lè ṣí i láti mọ ẹni tó ni ín? Rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, apá 1702 nínú ìwé òfin kejìdínlógún, sọ pé ẹni tó bá mú lẹ́tà kó tó dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí, láti fi yọjú wo àṣírí rẹ̀, tàbí tó ṣí i, tàbí tó gbé e pamọ́, tàbí tó bà á jẹ́, lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 5. Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọdún 2000 lórí ìfìwéránṣẹ́, apá 84, ń wo èrò ọkàn: ẹni tó ṣí ìwé tó mọ̀ tàbí tó fura pé wọ́n ṣì mú wá fún òun ni, láìnídìí tó yè kooro, láti fi ṣe ọmọnìkejì níbi, lè gba ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ṣèèṣì ya lẹ́tà kó tó wo orúkọ kò hùwà ọ̀daràn. Kó dá ìwé inú rẹ̀ padà láìkà á, kó fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀, kó kọ “Opened in error” sí i, kó sì fi ránṣẹ́ padà.

Ọ̀nà ìdápadà kò le, àmọ́ ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba orí àdírẹ́sì yín kọjá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ hàn ketekete, nítorí orúkọ yẹn ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ máa fi wá a nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ tó wà ní igun òkè lápá òsì tàbí lẹ́yìn ìwé; ibẹ̀ ló ń padà lọ. Ẹ wá kọ “Not at this address, return to sender” sí iwájú, ní lẹ́tà ńlá. Ara àpò ìwé gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe sórí bébà kékeré tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, torí bébà bẹ́ẹ̀ máa ń já sínú ẹ̀rọ.

Bákóòdù ni wọ́n ń gbàgbé. Lára lẹ́tà Amẹ́ríkà, ìlà tín-ín-rín 65 ló máa ń tò sókè tàbí sísàlẹ̀ àdírẹ́sì, òmíràn ga, òmíràn kúrú. Àdírẹ́sì yín wà nínú wọn, ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Bí ẹ bá kọ ohun gbogbo tí a sọ lókè yìí tí ẹ sì fi bákóòdù sílẹ̀, bákóòdù ni ẹ̀rọ máa kà, á fò ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, lẹ́tà ọ̀hún á sì tún bá yín nílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi máákà dúdú pa á rẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹ wá yí ìwé náà padà: ìlà aláwọ̀ ọsàn tó ṣá, tó dà bí ẹni pé yíǹkì ló ta sí i, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí i ni, èyí tó fi ń rántí ibi tó ti pinnu láti gbé e lọ. Ẹ pa ìyẹn náà rẹ́.

Àpò ìwé tó ní fèrèsé ọ̀rá ṣòro ju ìyókù lọ. Bákóòdù wà lára bébà inú, ẹ̀yin sì ń fa ìlà sórí ọ̀rá. Báírò kì í mú lórí ọ̀rá, yíǹkì máákà náà sì lè máa fara ra kó tó gbẹ. Bí bébà bá tún sún nínú àpò, bákóòdù á yọ jáde lábẹ́ ibi tí ẹ pa rẹ́. Ohun tó dájú ni kí ẹ gé bébà funfun tó tó fèrèsé náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ bò ó pátápátá títí dé etí rẹ̀ kó má bàa já bíi bébà kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún orúkọ kọ sórí rẹ̀.

Ìwé ìpolówó yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú fi ránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í darí rẹ̀, wọn kì í sì í dá a padà, àfi bí olùfiránṣẹ́ bá tẹ àṣẹ bíi “Return Service Requested” (ẹ bá mi dá a padà) sára rẹ̀. Láìsí àṣẹ yẹn, àwọn fúnra wọn ló máa jù ú nù. Èyí tó bá ní “or Current Resident” (tàbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí) lẹ́yìn orúkọ, tiyín ni. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi í ṣe.

Ìdápadà lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dá a dúró. Báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ iná lè ti tẹ ìwé oṣù tó ń bọ̀ kí ti oṣù yìí tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ́fíìsì tó ń gba ìwé tó padà sì lè má jẹ́ èyí tó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Bó bá ti tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pe nọ́ńbà olùfiránṣẹ́. Wọ́n lè sọ pé àwọn ò lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì ẹlòmíràn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò béèrè nǹkan kan nípa àkáǹtì, pé kí wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yẹn kò sí ní àdírẹ́sì yìí mọ́. Ẹ má fún wọn ní ọjọ́ ìbí yín tàbí nọ́ńbà báǹkì yín. Wọn ò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bákan náà, ẹ má ṣe lọ forúkọ ẹni tó kó lọ kún ìwé ìyípadà àdírẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó fún láṣẹ nìkan ló lè ṣe é, ìwà ọ̀daràn ni fún ẹlòmíràn.

Lẹ́tà agbowó-gbèsè máa ń já èèyàn láyà. Gbèsè ń tẹ̀lé ẹni tó jẹ ẹ́, kì í tẹ̀lé ilé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rò pé onígbèsè ṣì ń gbé níbẹ̀, wọ́n lè rán èèyàn wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kó wọlé, kí ẹ sì ní ìwé ilé yín nítòsí láti fi hàn.

Ibi tó yẹ ká ti la ojú wa sílẹ̀ jù ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí láńlọ́ọ̀dù náà sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbé ibẹ̀ rí. Ọ̀kan péré lè jẹ́ àṣìṣe. Bó bá di káàdì báǹkì, ìwé owó-orí tàbí ìwé ìrànwọ́ ìjọba, pẹ̀lú orúkọ oríṣiríṣi, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa fi àdírẹ́sì yín lu jìbìtì, kó sì fẹ́ wá yọ káàdì náà nínú àpótí. Ẹ fi tó báǹkì yẹn létí kíákíá, ní Amẹ́ríkà kí ẹ sì sọ fún Postal Inspection Service, àwọn agbófinró ilé ìfìwéránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi àdírẹ́sì yín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù RP07 ti Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ni ẹ máa fi ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Pásẹ́ẹ̀lì tí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni gbé wá, ilé-iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ pè. Ẹ má jù ú sínú àpótí ìjọba. Ohunkóhun tó bá gba ìfọwọ́sí, ẹ má fọwọ́ sí i fún ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Akólẹ́tà a máa yí padà, ẹni tó gba ipò kò sì mọ ẹni tó ń gbé ilé. Ẹ kọ orúkọ ìdílé gbogbo ẹni tó wà nínú ilé sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀kùn àpótí lẹ́tà níbi tí ojú rẹ̀ máa bá. Bébà kékeré yìí máa ń dín àṣìṣe kù púpọ̀.

Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ náà, ẹ dá a padà bẹ́ẹ̀. Tiwọn a máa lọ sí ibùdó ìwé tó sọnù: ìlú Atlanta ni ti Amẹ́ríkà wà, Belfast ni ti Royal Mail, ilé ìfìwéránṣẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní àṣẹ láti ṣí i, kí wọ́n lè wá inú rẹ̀ fún àdírẹ́sì tí wọ́n máa dá a padà sí.