Debian kì í gbàgbé ibi tó bá iṣẹ́ dé

Ohun méjì ló sábà ń da ètò inú Debian tàbí Ubuntu (àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) rú. Iná lè lọ nígbà tí apt, irinṣẹ́ tó ń fi ètò sí tó sì ń yọ ọ́, ṣì ń fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà. Ó sì lè jẹ́ pé apt béèrè [O/n] (bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá) lédè Faransé, tí èèyàn tẹ O láì ka orúkọ àwọn ètò tí yóò yọ.

Ẹ má tíì sáré nu dísìkì. dpkg tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ apt ń kọ ipò ètò kọ̀ọ̀kan sínú /var/lib/dpkg/status. Yóò kọ́kọ́ tú fáìlì ètò jáde, lẹ́yìn náà ni yóò tò ó. Ètò tí iná ká mọ́ àárín méjèèjì kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ dpkg mọ̀ pé òun kò tíì tò ó tán. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ `sudo dpkg --configure -a`, tí ẹ máa tẹ̀ sí ojú dúdú (terminal), fi ń ṣíwájú: ó ń parí èyí tó kù (sudo ló ń fún àṣẹ lágbára alábòójútó). `sudo apt --fix-broken install` ló tẹ̀ lé e, láti wá àwọn ètò tí òmíràn gbára lé. Ẹ ka ohun tó fẹ́ yọ kí ẹ tó gbà fún un.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti yọ ètò ni, ẹ ṣí /var/log/apt/history.log. Orúkọ gbogbo ohun tó lọ wà lẹ́yìn «Remove:», tòun ti ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ fi apt dá wọn padà.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn mọ́, ẹ fi fláàṣì Debian live (Debian tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì) tàn án. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ń há sí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): AZERTY, ètò bọ́tìnì Faransé, ni bọ́tìnì wa, àmọ́ ojú dúdú náà lè máa ka QWERTY, ti Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́tìnì Q á mú a jáde, bọ́tìnì ! á mú / jáde, bọ́tìnì ) ló sì ní àmì -. Ẹ tẹ `sudo loqdkeys fr` bí ẹ ṣe rí i yìí. Loadkeys ni yóò jáde, bọ́tìnì á sì tọ́.

`lsblk` á fi dísìkì hàn. Bí ìpín tí Debian yín wà bá jẹ́ sda2:

sudo mount /dev/sda2 /mnt
for i in dev proc sys; do sudo mount --bind /$i /mnt/$i; done
sudo chroot /mnt

Bí /boot bá dá wà lórí ìpín tirẹ̀, ẹ so òun náà mọ́ /mnt/boot kí ẹ tó fi chroot wọ inú ètò orí dísìkì yín. Ẹ tún tẹ àṣẹ méjì ti ìṣáájú, láìsí sudo, lẹ́yìn náà `update-initramfs -u -k all` àti `update-grub`, tó ń tún fáìlì àti àtòjọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn ṣe. Ẹ wo /boot: nọ́ńbà ara vmlinuz (kernel, ọkàn ètò náà) gbọ́dọ̀ bá ti initrd.img (fáìlì tó ń bá a tàn) mu. Bó bá bá a mu, ẹ tẹ exit, ẹ tẹ `sudo umount -R /mnt`, ẹ yọ fláàṣì, kí ẹ tún un tàn.