Ṣé àgbàlagbà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdẹ pẹ̀lú ṣakabùlà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ń mú wá bá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ ń fi ara rẹ̀ wéwu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń sọ fún wọn pé òfin kò ka ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí à ń ki láti ẹnu, kún ìbọn rárá. Púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ ọdẹ sì ni wọ́n. Ilé-ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ni kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí igbó nígbà èwe. Ohun tí wọ́n béèrè àti ohun tí a lè fi dá wọn lóhùn nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé òfin kò ka ṣakabùlà sí ìbọn?

Irọ́ ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí, ìpín kẹta sì dárúkọ ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti irú èyí tó ń lo ìdérí bàbà kékeré. Ohun tó fa àṣìgbọ́ ni pé òfin yìí yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbọn tó jẹ́ pé láìsí àṣẹ Ààrẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní wọn. Ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ìdásílẹ̀. Àwọn baba wa tilẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí kí òfin náà tó dé: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ béèrè irú ìwé tí ẹ ní láti gbà.

Mo ti pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ṣé mo ti dàgbà jù?

Òfin fi òdiwọ̀n sí ìsàlẹ̀, kò fi sí òkè: ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 17 ni kò lè gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ti ojú yẹn ni kí àgbàlagbà kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, ojú kì í lè tètè yí láti orí ohun tó wà nítòsí sí ohun tó wà lọ́nà jíjìn, ohun tí ẹni tó ń fi ìbọn wo ẹran sì ń ṣe nìyẹn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Bowen àti ti LAUTECH. Ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó lọ yẹ ìbọn wò.

Ṣé ìbọn yìí ni Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, fi ṣọdẹ dé ìdí igi àjàgbọn?

Rárá. Ọfà ni ìtàn ìlú mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Báwo ni ṣakabùlà olókùúta ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

A ó fara balẹ̀ dáhùn èyí, nítorí àìmọ̀ ọ́n ló ń fọ́ ojú, òun ló sì ń gé ìka.

Òkúta pẹlẹbẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ mú ni a fi awọ wé, tí a há mọ́ ẹnu irin kan tó tẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá fa apátí, irin yìí yóò gbé òkúta náà sọ lu irin mìíràn tó dúró níwájú rẹ̀, iná yóò ta, yóò sì já bọ́ sínú àwo kékeré tí a ti bu ẹ̀tù kíkúnná sí. Ẹ̀tù inú àwo yóò gbiná, iná náà yóò gba ihò tín-ín-rín kan wọ inú ọ̀pá ìbọn lọ bá ẹ̀tù tí a ti ki, ìgbà náà ni ìbọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣi àmì ohùn kà: ẹ̀tù ni à ń ki sí ìbọn, ẹtù ni ẹyẹ, ẹtu ni ẹran.)

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo jókòó ti bàbá ọdẹ kan ní abà wọn lọ́nà Ìkòyí-Ilé, mo ń wo bí ó ṣe ń ki ìbọn rẹ̀. Ó wọn ẹ̀tù sínú ìdérí ìgò, ó dà á sí ẹnu ìbọn, ó fi èkísà tẹ̀lé e, ó gún un, ó da ọta sí i, ó tún fi èkísà dí i, ó sì ń fi èékánná àtàǹpàkò wo ibi tí a sàmì sí lára ọ̀pá tó fi ń gún un, kí ó lè mọ̀ pé ohun tó kì ti jókòó délẹ̀. Nígbà tó yìn ín, mo rí i kí n tó gbọ́ ọ: èéfín rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìbọn dún, orí bàbá náà kò sì mì láàárín méjèèjì.

Àlàfo kékeré yẹn ni ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò gbé orí sókè tàbí kí ó yí ẹnu ìbọn kúrò nígbà tí iná ṣì ń rìn lọ sínú. Bí ẹ bá fa apátí tí ìbọn kò dún, ẹ má ṣe yojú wo ẹnu rẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọjú síbi tí kò ti sí ènìyàn fún bí ìṣẹ́jú kan, nítorí iná lè ṣì fara pamọ́ sínú ihò yẹn.

Ṣé mo lè lo ẹ̀tù inú katiríìjì?

Ẹ má dán an wò láéláé. Agbára rẹ̀ ju ohun tí ọ̀pá ṣakabùlà lè gbà lọ. Yóò fọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀tù dúdú, èyí tí a fi èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ ìbọn pò, nìkan ni tirẹ̀. Bákan náà, bí ọta bá dúró láàárín ọ̀nà tí kò kan ẹ̀tù, ọ̀pá lè bẹ́.

Ṣé àwọn òyìnbó ṣì ń lo ìbọn olókùúta?

Wọ́n ń lò ó. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún irú ìbọn yìí láti pa àgbọ̀nrín, lẹ́yìn Kérésìmesì sì ni wọ́n ń ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ọ̀pá ìbọn ọ̀pọ̀ nínú tiwọn ní ilà tó ń yí ọta bí ó ti ń jáde, kí ó lè lọ gbọnrangandan, ṣùgbọ́n inú ṣakabùlà tiwa ń dán ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo fídíò tiwọn kí ẹ wá máa yin tiyín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹran tó fara gbọgbẹ́ sá lọ ni ẹ ó máa kó jọ sínú igbó.

Ta ni yóò kọ́ mi?

Ẹ lọ bá Olúọdẹ àdúgbò yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí wọn yóò fà yín lé lọ́wọ́ kéré sí yín ní ogún ọdún, kò sì yẹ kí èyí bí yín nínú, nítorí nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó mọ igbó ni ẹ̀gbọ́n. Òun náà yóò máa pè yín ní Bàbá, yóò máa fi ẹ bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ dúró, ẹ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe ohun ìtìjú, igbó ni kò ní olùrànlọ́wọ́ nítòsí.

Ibo ni mo ti lè ṣọdẹ?

Orí ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda fún yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ wọ igbó ọba tó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti kó sí wàhálà níbí yìí. Láti igbó àpamọ́ ti ọdún 1936 àti ti 1941 ni ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ó sì wọ ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, tó múlé ti Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe gbogbo ààlà rẹ̀ ni ojú lásán lè rí, nítorí náà ni ọdẹ tuntun kò fi gbọdọ̀ dá wọ igbó ìhà ibẹ̀. Bí ẹ bá sì pàdé akika níbikíbi, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, nítorí òfin dáàbò bò ó.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Òru. Ojú tó ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ti ẹtu, ó sì lè jẹ́ ti màlúù ẹlòmíràn, ohun tó sì ń mì koríko lè jẹ́ ọdẹ bíi tiyín tàbí obìnrin tó tètè jí lọ oko. Ẹ fi ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣe ọdẹ ojúmọmọ nìkan. Ẹ wọ awò, bí ojú yín tilẹ̀ mọ́ kedere, nítorí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ni ẹ̀tù inú àwo ti ń gbiná. Ẹ dí etí yín nígbà tí ẹ bá ń dánrawò. Ẹ wọ bàtà tó ga nítorí paramọ́lẹ̀.

Ẹran tí mo bá pa ńkọ́?

Ẹ gé ibi tí ọta bà dànù, kí ẹ gé e fẹ̀. Òjé inú ọta léwu fún ọmọdé àti aláboyún ju gbogbo ènìyàn lọ.

Ìbọn bàbá mi ti wà ní àjà láti ìgbà tó ti kú. Ṣé mo lè gbé e sọ̀ kí n bẹ̀rẹ̀?

Ẹ gbà pé nǹkan wà nínú rẹ̀ títí ọdẹ àgbà yóò fi sọ pé kò sí. Bí omi kò bá kàn án, ẹ̀tù dúdú lè wà nínú ọ̀pá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó sì tún dún. Ẹ má ṣe gbé e sún mọ́ ààrò, ẹ má ṣe fa apátí láti dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín fi ya fọ́tò. Ẹ pe ọdẹ tó mọṣẹ́ wá bá a níbi tó wà: yóò ti ọ̀pá wọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan nǹkan, yóò sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, yóò yọ ọ́, yóò sì nà án sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti ìta. Bí orí ọ̀pá kò bá dé ibi ihò iná, ìbọn bàbá yín ṣì wà ní kíkì. Òun ni kí ó tú u, kí ẹ tó lọ fi tó ọlọ́pàá létí pé ìbọn ogún wà lọ́wọ́ yín.