Ẹ Má Bi Wá Pé Ẹ̀kọ́ Wo Ni Eré Náà Ń Kọ́ni

Bí a bá ti lẹ ìwé ìpolówó sáà eré tuntun mọ́ ògiri báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì máa ń bi wá: "Ẹ̀kọ́ wo la máa rí kọ́ níbẹ̀?" Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, ilé ìwé ló fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí eré ni mí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: eré tó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn ní gbólóhùn kan kò yẹ kó gba owó lọ́wọ́ yín. Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ọsibítù ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Sáà eré ni eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèré kan tò tẹ̀lé ara wọn láàárín oṣù díẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwùjọ òde òní ni wọ́n dá lé, ẹ má retí ọba àti ìjòyè. Owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì, ọmọ tó fẹ́ jápa, ìyàwó tí ọkọ ń lù, ìwọ̀nyẹn ni ẹ máa bá pàdé.

Àwọn kan ní àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ló kó irú eré báyìí dé. Irọ́ ni. Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí tíátà, ṣe eré Strike and Hunger lórí ìyanṣẹ́lódì tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1945. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, l'Énúgù, ní oṣù kọkànlá 1949, Bread and Bullet ló fi fèsì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1964 ó gbé Yorùbá Ronú jáde. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ni, kò dárúkọ olóṣèlú kankan, síbẹ̀ gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn ló dá ara rẹ̀ mọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di 1966 tí ológun gbàjọba kí Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Báwo wá la ṣe ń ṣa eré? Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ìwé eré tó sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni èyí tí onílé ti yọkùn bọ̀ǹbọ̀, tó ń pariwo, tó ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, tó ń ṣí páànù lórí ìyá ọlọ́mọ. A ó pa á tì. Òǹwòran á pòṣé, wọ́n á bú onílé, wọ́n á lọ sílé lọ jẹun. Onílé gidi tó jókòó láàárín wọn á bá wọn bú u, nítorí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Èyí tí à ń wá ni ìwé tí onílé ti jẹ́ tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tí wọn ò tíì san ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé owó iyàrá méjì tó fi háyà yẹn ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ayálégbé náà jẹ́ òṣìṣẹ́ kánsù tí wọ́n jẹ lówó oṣù. Ta ni ẹ fẹ́ bú báyìí? Ẹni tó jẹ wọ́n méjèèjì lówó ò sí lórí ìtàgé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a ṣe ń ka ìwé eré nìyẹn: ẹni tí gbogbo ènìyàn máa kórìíra ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó mú jù lẹ́nu. Níbi rìhásà, mo máa ń ní kí ẹni tó ń ṣe onílé àti ẹni tó ń ṣe ayálégbé pààrọ̀ ipò. Bí èyí tó gba ti onílé ò bá rí nǹkan gidi sọ, ìwé náà ò tíì jinná, a ó dá a padà fún òǹkọ̀wé.

Fẹ́mi Òṣófisan tilẹ̀ gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ nínú Once Upon Four Robbers, tó kọ láyé ìgbà tí wọ́n ń yìnbọn pa adigunjalè ní gbangba. Òǹwòran ló ń dá ẹjọ́ àwọn olè náà, bí wọ́n bá sì ṣe dá a ni eré ṣe ń parí. Augusto Boal, olùdarí eré ọmọ Bràsíl, ní kí òǹwòran tí ọ̀rọ̀ ò bá tẹ́ lọ́rùn gorí ìtàgé wá ṣe é bó ṣe yẹ. Àwa ò tíì dán ìyẹn wò. Ọ̀dọ̀ wa, gígun orí ìtàgé kọ́ ni yóò le, sísọ̀ kalẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń tò wọ́n náà lọ́gbọ́n nínú. Aláwàdà ló ń ṣíwájú, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ la fi ń ra dísẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó kù. Eré tó wúwo jù kì í ṣíwájú, kì í sì í kẹ́yìn: bó bá ṣíwájú, èrò kì í padà wá, bó bá kẹ́yìn, kò sí ọjọ́ tí a óò tún fi jọ rí láti sọ ọ́. Eré kan a sì máa fèsì fún òmíràn. Bí ẹ bá rí onílé ní oṣù yìí, ẹ lè bá ọmọ rẹ̀ pàdé lóṣù tó ń bọ̀, ní Kánádà, níbi tó ti ń wẹ̀ fún bàbá olóbàbá nílé ìtọ́jú arúgbó.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Àjọ kan ní àwọn á san owó gbọ̀ngàn bí òṣèré bá lè dúró láàárín eré, kó ka nọ́ńbà tẹlifóònù tí obìnrin tí wọ́n ń lù lè pè. Nọ́ńbà náà wúlò o. A tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra tiyín, ẹ bi wá pé kí ni ẹni tó jẹ̀bi rí wí. Ẹ tún béèrè ọjọ́ orí ọmọ tó lè wò ó. A kì í bínú. Ẹ sì dúró de ìjíròrò lẹ́yìn eré. A kì í ní kí ẹnikẹ́ni dìde jẹ́rìí pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun níbẹ̀, torí ẹni tó mọ ọkọ rẹ̀ lè wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀, a ó rọra mú un lọ bá ẹni tó lè gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń bi gbogbo òǹwòran ni pé ta ni wọ́n ń bínú sí. Bí wọ́n bá panu pọ̀ dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo, àwọn òṣèré mi ti mọ̀ pé rìhásà ọjọ́ kejì máa pẹ́.