Ìṣù ẹran ló ń gbé apá, iṣan kọ́

Ó ti sú mi kí n máa ka àlàyé ìlera tí wọ́n ti ń pe gbogbo nǹkan ní iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan. Èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ, iṣan. Èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan. Ẹran tó ń gbé ara gan-an, wọ́n tún ní iṣan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kà á pé iṣan ló rán iṣan pé kó fa iṣan, kí ló fẹ́ mú níbẹ̀? Àwọn tó sá fún wàhálà yìí, tí wọ́n ń kọ "mọ́sù" láti inú "muscle" ti Gẹ̀ẹ́sì, kò ràn wá lọ́wọ́: kí ni ìyẹn sọ fún ìyá tí dókítà ń ṣàlàyé àìsàn ọmọ rẹ̀ fún?

Ìṣù ẹran ni mo ń pe ẹran tó ń gbé ara yìí. Ohun tó bá ṣù jọ là ń pè ní ìṣù: ìṣù àkàrà, ìṣù amọ̀. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ ká apá yín wá sí èjìká, ẹ ó rí ohun tó ṣù síbẹ̀. Ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì yi ni iṣan. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ èyí: nínú ìran egungun gbígbẹ, Ìsíkíẹ́lì orí 37, ọ̀tọ̀ ni iṣan, ọ̀tọ̀ ni ẹran. Àwọn kan ní orúkọ náà ń rùn bí ìsọ̀ alápatà. Kí ni alápatà ń gé tà, bí kì í bá ṣe ohun kan náà?

Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Fífà nìkan ló mọ̀, kò lè ti nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì, bí agégẹdú méjì tó di ayùn gígùn mú ní ìkángun méjèèjì: ẹni ọ̀hún fà, ẹni ìhín dẹwọ́, ẹni ìhín fà, ẹni ọ̀hún dẹwọ́. Ti iwájú apá ló ń ká ọwọ́, ti ẹ̀yìn ló ń nà án. Ti ọkàn àti ti ìfun ní ìwà tiwọn.

Nínú ìṣù ẹran, oríṣi fọ́nrán méjì, actin àti myosin, ló ń wọnú ara wọn. Àwọn fọ́nrán fúnra wọn kò kúrú; ìṣù ẹran ló ń kúrú bí wọ́n ti ń wọnú ara wọn. Ní 1954, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ti Andrew Huxley àti ti Hugh Huxley, gbé àlàyé yìí jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. ATP, èròjà tó ń gbé agbára nínú ara, ni wọ́n ń ná, òun náà ló sì ń jẹ́ kí myosin jọ̀wọ́ actin lẹ́yìn tó bá ti fà á. Ìdí nìyẹn tí òkú fi ń gan láàárín wákàtí díẹ̀: ATP ti tán, myosin kò lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú mọ́, títí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.