Ta ló ni ìpinnu? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àkóso kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́

Kí ni wọ́n ń pè ní àkóso IT, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, gan-an?

Ètò ni. Ó ń sọ ẹni tó láṣẹ láti pinnu ohun tí ilé-iṣẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tó máa jíhìn bí ìpinnu náà bá forí ṣánpọ́n, àti bí àwọn ọ̀gá yóò ṣe mọ̀ pé ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ló ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "IT", ẹ̀rọ ni ọkàn wọn ń lọ bá. Ọ̀rọ̀ ènìyàn lèyí. Ẹ̀rọ kì í pinnu pé òun fẹ́ dàgbà di ògbólógbòó kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ òun. Ẹnì kan ló yẹ kó ti pinnu ìyẹn, tí kò ṣe é.

Ṣé kì í ṣe àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa bójú tó o ni?

Àwọn ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣiṣẹ́ tán, kí wọ́n tún jókòó ṣe adájọ́ iṣẹ́ ara wọn, ìyẹn ni kò bójú mu. Ìlànà àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ ISO/IEC 38500. Ó kọ́kọ́ jáde ní 2008, láti ara ìlànà tí Ọsirélíà ti ṣe ní 2005, ó sì ya àkóso sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ohun mẹ́ta ló gbé lé ìgbìmọ̀ olùdarí lọ́wọ́: kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ní kí ènìyàn mọ kóòdù kọ, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ kì í ṣe oníṣirò owó, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún. Ta ló máa sọ pé kí wọ́n fi owó sílẹ̀ fún akápò nìkan?

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí ètò yìí kò bá sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Knight Capital, nítorí òun ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi kọ̀ǹpútà ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń tà á ni. Ní ìparí oṣù Keje 2012, wọ́n fẹ́ fi kóòdù tuntun sórí sáfà mẹ́jọ, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ tó ṣe é fi sórí méje, ó fo ẹ̀kẹjọ. Ẹnì kejì kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kò sì sí ìlànà kankan lákọsílẹ̀ tó ní kí ẹnì kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù àtijọ́ kan sì wà lórí sáfà kẹjọ yẹn tí wọ́n ti dẹ́kun lílò láti 2003, tí ẹnikẹ́ni kò yọ kúrò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ọjà ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Bí ọjà ṣe ṣí ni kóòdù àtijọ́ yẹn jí, ó ń rà, ó ń tà, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ó ti ṣe káràkátà tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin lórí ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ 154. Àdánù rẹ̀ ju mílíọ̀nù 460 dọ́là lọ. Níbi tí wọ́n ti ń sáré wá ojútùú, wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí sáfà méje tó ń ṣe dáadáa, ni ọ̀rọ̀ bá tún burú sí i, nítorí kóòdù àtijọ́ náà wà lórí àwọn yẹn pẹ̀lú.

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Láti bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ọjà tó ṣí rárá, ẹ̀rọ ti ń fi íméèlì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, gbogbo rẹ̀ sì dárúkọ kóòdù àtijọ́ yẹn gan-an. Íméèlì 97! Wákàtí kan àti ààbọ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan sí i, nítorí wọn kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé irú íméèlì bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn ní 2013. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ti da ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ òmíràn.

Àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan ṣá nìyẹn, àbí?

Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, n kò sì fara mọ́ ọn. Gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé nǹkan. Ilé-iṣẹ́ tí ìgbàgbé ẹnì kan lè mú mílíọ̀nù 460 dọ́là lọ kí wákàtí kan tó pé, àwọn tó wà lókè ló fi àyè náà sílẹ̀.

Ẹ wo Equifax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹta 2017, ìkìlọ̀ jáde pé ihò wà lára sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń lò, Apache Struts, kí gbogbo ẹni tó ń lò ó tètè dí i. Wọ́n fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ sí ènìyàn tó lé ní 400. Òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí wọ́n ti ń lo sọ́fítíwíà náà kò sí lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún, olè gba ibẹ̀ wọlé, àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn ló sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó yẹ kó rí wọn wà níbẹ̀, àmọ́ ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tó fi ń rí ohun tó ń wọlé tó ń jáde ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ láti oṣù 19 sẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n tún ìwé ẹ̀rí náà ṣe ní ìparí oṣù Keje, ọjọ́ náà ni wọ́n rí olè.

Òṣìṣẹ́ méjì, ilé-iṣẹ́ méjì, àṣìṣe tí kò jọra. Ohun kan ló so wọ́n pọ̀: ìkìlọ̀ dé, kò bá ẹni tó ni ín nílé.

Ìgbìmọ̀ tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kí ni wọ́n fẹ́ béèrè?

Ìbéèrè lásán, tí kò le rárá. Ní oṣù Kẹrin 2018, báńkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún kúrò lórí kọ̀ǹpútà Lloyds, báńkì tó ni TSB tẹ́lẹ̀, ó kó o sórí èyí tí Sabadell, báńkì Sípéènì tó ra TSB, ṣe. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí àkáǹtì wọn wọ̀. Oṣù Kejìlá ni nǹkan tó padà sípò tán.

Àwọn agbẹjọ́rò Slaughter and May ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ìròyìn wọn jáde ní 2019. Ibùdó dátà méjì, ìyẹn ibi tí wọ́n kó àwọn sáfà jọ sí, ni TSB fẹ́ máa lò. Ọ̀kan péré ni wọ́n dán wò bóyá ó lè gba èrò. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìkólọ síwájú tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ kò tẹra mọ́ bíbéèrè ohun tó mú kí ọjọ́ tuntun ṣeé ṣe nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò ṣeé ṣe. "Ṣé ẹ ti dán méjèèjì wò?" Kí ló wà nínú ìbéèrè yẹn tó fẹ́ ìwé-ẹ̀rí yunifásítì? Owó ìtanràn báńkì náà jẹ́ mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn ní 2022. Ní 2023, wọ́n tún bu 81,620 pọ́n-ùn lé ọ̀gá àgbà ẹ̀ka kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, pé kò mójú tó àwọn tí báńkì gbé iṣẹ́ fún bó ṣe yẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ènìyàn lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ìjíhìn kò bá a lọ.

COBIT tí àwọn ọ́dítọ̀ máa ń dárúkọ ńkọ́?

Àkójọ ìlànà ni. ISACA, ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò dá sílẹ̀ ní 1969, ló gbé e jáde ní 1996. Èyí tó ń jẹ́ COBIT 2019 ní àfojúsùn 40. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ mú èyí tó bá ewu yín mu níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kún gbogbo fọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dárúkọ ẹni tó láṣẹ láti pa sáfà.

Báwo la ṣe máa pín ìpinnu?

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ fún iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó sọ ohun tó nílò àti bí àdánù ṣe máa pọ̀ tó bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ni kó sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e gbà. Ìgbìmọ̀ ni kó sọ iye ewu tí ilé-iṣẹ́ lè gbé. Ẹni tó kọ kóòdù kò gbọ́dọ̀ dá nìkan gbé e sórí ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń lò.

Ibi tó ti máa ń dàrú jù ni ààlà ẹ̀ka méjì. Òṣìṣẹ́ kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ mọ̀, wọ́n ti san owó rẹ̀ tán. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kò gbọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ ṣì ń ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá bi ẹ̀ka àkọ́kọ́, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà kọ́ niṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá bi ẹ̀kejì, wọ́n á ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Àfi kí ẹnì kan tó ju àwọn méjèèjì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló máa sọ fún ta, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń lo áàpù tí a kò fọwọ́ sí. Ṣé ká fòfin dè é?

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ẹ fún wọn ni kò ṣiṣẹ́.

Àjọ kékeré tí kò ní ìgbìmọ̀, tó jẹ́ ẹnì kan ló mọ gbogbo nǹkan ńkọ́?

Ìwé ojú kan tó yín. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti áàpù tí iṣẹ́ yín kò lè ṣe láìsí wọn, orúkọ ẹni tó ni ìpinnu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ìkìlọ̀ máa bá bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sí nílé. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ka. Orúkọ ènìyàn ni kẹ́ ẹ kọ. Kí ẹnì kejì mọ ibi tí páásíwọ̀ọ̀dù wà. Ẹ sì bi ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín, kì í ṣe pé "Ṣé ò ń tọ́jú rẹ̀?", nítorí bẹ́ẹ̀ ni ni yóò sọ. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló mú fáìlì kan jáde gbẹ̀yìn láti inú ẹ̀dà náà, tó sì ṣí, kí ó ṣe é lójú yín.